Wíńdò Ń Jò, Gárántì Sì Kù Díẹ̀ Kó Tán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Lóṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni wọ́n bá mi fi wíńdò alumíníọ̀mù tí a ń fà mẹ́sàn-án sí ilé mi ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà. Gárántì ọdún kan ló wà lórí rísíìtì. Òjò ọdún yìí dé, mẹ́ta ń jò, ìkan sì le bí ẹní ń fa igi. Oníwíńdò ní ẹ̀bi bírìkìlà ni. Bírìkìlà ní ẹ̀bi oníwíńdò ni. Ta ni kí n dì mú?
— Onílé tuntun, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì di ẹnikẹ́ni mú. Omi ni kí ẹ bi.

Ẹ wá họ́ọ̀sì, kí ẹnì kan dúró sínú yàrá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ férémù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tó wá dé òkè. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn kárí, ẹ ò ní mọ ibi tó gbà wọlé. Ẹ má fi àtàǹpàkò dí ẹnu họ́ọ̀sì. Òjò kì í ta báyẹn.

Bí omi bá kún ojú irin ìsàlẹ̀ tó wá ń dà sínú ilé, ẹ wo ara férémù lóde. Ó yẹ kí ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde wà níbẹ̀, ó kéré tán méjì. Ẹ ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Bí sìmẹ́ńtì tàbí ọ̀dà ló dí i, bírìkìlà tàbí pẹ́ńtà ló ṣe é, ẹ̀yin náà lè yọ ọ́. Bí kò bá sí ihò rárá, oníwíńdò ló gbàgbé láti lu ú, kò sì ní àwáwí kankan.

Bí omi bá gba àárín férémù àti ògiri wọlé, silikọ́ọ̀nù, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí etí férémù, ló ṣí. Kì í lẹ̀ mọ́ eruku tàbí ògiri tútù. Ibí yìí ni ẹ ti máa ṣọ́ra jù: ọ̀pọ̀ oníwíńdò á kàn fa tuntun lé ti àtijọ́, wọ́n á sì lọ. Ẹ má gbà. Kí wọ́n ha ti àtijọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n nu ojú rẹ̀, kó gbẹ, kí wọ́n tó fi òmíràn sí i.

Bí férémù bá gbẹ ṣùgbọ́n tí ògiri abẹ́ rẹ̀ ń rin, ọ̀dọ̀ bírìkìlà ni kí ẹ lọ. Ó ṣeé ṣe kí ibi tí wíńdò jókòó lé dagẹ̀rẹ̀ sínú ilé dípò òde.

Ti èyí tó le: ẹ fi tépù wọn férémù láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́, iṣẹ́ oníwíńdò ni. Bí wọ́n bá dọ́gba, iyanrìn tó wọ ojú irin ni tàbí rólà, táyà kéékèèké tí wíńdò fi ń yí. Àmọ́ bí wẹ́dà bá ti lu férémù nígbà tó ń fi irin olè sí i, oníwíńdò lè kọ̀ ọ́, a ò sì ní bá a jà.

Ẹ ya fídíò ìdánwò họ́ọ̀sì náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí oníwíńdò lórí WhatsApp pẹ̀lú àwòrán rísíìtì, kí oṣù Kẹjọ tó dé; ẹ dárúkọ wíńdò kọ̀ọ̀kan, ẹ dá ọjọ́ fún un, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìpè fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ mìíràn fọwọ́ kàn án kó tó dé. Bó bá dákẹ́, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 fún yín láṣẹ láti ní kó tún un ṣe tàbí kó dá lára owó yín padà. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lẹ lè fi ẹjọ́ sùn.

Bó bá ṣe é tán, ẹ dúró kí silikọ́ọ̀nù gbẹ ná, kí ẹ tó tan họ́ọ̀sì sí i lójú rẹ̀.