Káàdì Màmá Mi Ló Wà Lọ́wọ́ Mi: Ṣé Ká Ṣí Àkáǹtì Àjọni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ń ta aṣọ ní Balógun, ṣùgbọ́n orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè máa lọ sí báńkì mọ́. Èmi ni mo ń fi káàdì wọn gbowó ní Yábàá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ṣí àkáǹtì tí orúkọ èmi àti Màmá máa wà lórí ẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó lè dáa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá káàdì yẹn padà fún Màmá. Ẹni tó bá sọ PIN rẹ̀ fún ẹlòmíì, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú ẹ̀, ti rú àdéhùn báńkì. Bí owó bá pòórá lọ́la, báńkì lè torí ẹ̀ kọ̀ láti dá a padà.

Àkáǹtì àjọni máa sọ owó inú ẹ̀ di ti ẹ̀yin àti Màmá. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ máa bá wọn lọ sí báńkì ni, ìwé àṣẹ ló yẹ yín: Màmá á kọ lẹ́tà sí báńkì pé kí ẹ máa gbowó fún àwọn, wọ́n á fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka, wọ́n sì lè kọ iye tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá sínú ẹ̀. Owó ṣì jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́jọ́ bá dé, agbára ìwé yẹn tán lọ́jọ́ náà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń ṣòwò aṣọ náà ni, ẹ ṣí àjọni. Kí oníkálukú mú BVN, NIN, fọ́tò, ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé iná tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ dání. Ẹ yẹ orúkọ wò kí ẹ tó kúrò nílé. Tí NIN bá pe Màmá ní Sikirat, tí BVN pè wọ́n ní Shakirat, ibẹ̀ ni iṣẹ́ á ti dúró.

Àyè kékeré kan wà nínú fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ta ni yóò máa fọwọ́ sí i. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Tí ẹ bá mú “àwọn méjèèjì”, kò sẹ́ni tó lè dá owó gbà, àmọ́ ọ̀pọ̀ báńkì kì í fún irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ní káàdì. Tí ọwọ́ Màmá bá sì gbọ̀n, tí ìfọwọ́sí wọn yàtọ̀ sí ti fọ́ọ̀mù, wọ́n á dá yín padà. Tí ẹ bá mú “ẹnikẹ́ni nínú wọn”, ọ̀kan lè gbá gbogbo ẹ̀ lọ lọ́sàn-án gangan, báńkì kò sì jẹ̀bi. Tèmi ni pé kí ẹ mú ẹnikẹ́ni, kí ẹ fi owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan péré síbẹ̀, kí olú owó wà nínú àkáǹtì Màmá fúnra wọn. Ẹ ní kí alẹ́ẹ̀tì máa wọ fóònù méjèèjì.

Ẹ béèrè pẹ̀lú: tí ọ̀kan bá papò dà ńkọ́? Báńkì lè ti àkáǹtì náà pa títí ẹ ó fi mú ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún wá láti ilé ẹjọ́ gíga. Orúkọ tó wà ní àyè next of kin kò sọ ẹnikẹ́ni di ajogún. Nítorí náà, kí Màmá kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí iye tó jẹ́ tiwọn àti iye tó jẹ́ tiyín, kí ẹ̀gbọ́n yín náà sì ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.