Ta ló dá Pine Mountain Settlement School sílẹ̀, kí ló sì ṣe fún àwọn ará òkè?

Katherine Pettit àti Ethel de Long ló dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀ ní 1913, ní Harlan County, ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ kan, William Creech, fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Creech fẹ́ kí àwọn ọmọ àfonífojì náà rí ìwé kà, nítorí òkè ti sé wọn mọ́, ọ̀nà kò sì dára. Inú ọgbà ilé-ìwé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Wọ́n ń fún wàrà màlúù, wọ́n ń roko, wọ́n sì ń hun aṣọ. Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ló jàǹfààní rẹ̀: àwọn ará abúlé náà ń gba ìtọ́jú ìlera níbẹ̀.

Ilé-ìwé náà tún bu iyì fún àṣà ìbílẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì púpọ̀. Nígbà tí Cecil Sharp, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣa orin àtijọ́ jọ, dé ibẹ̀ ní 1917, ó wo ijó àwọn ará òkè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan lóru, àtùpà kan ṣoṣo ló ń tàn.

Ní 1949 ni ilé-ẹ̀kọ́ girama oníbùgbé náà kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń kàwé níbẹ̀ títí di 1972. Ẹ̀kọ́ nípa igbó àti àyíká ló gbajúmọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ o: Pettit àti May Stone ti dá ilé-ìwé Hindman sílẹ̀ ní Kentucky kan náà ní 1902.