Ẹ Bi Tíṣà Àgbà: Ta Ló ń Sọ Òkúta Ojú Ọ̀run Lórúkọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ni mò ń kọ́ ní Ìsẹ̀-Èkìtì níbí. Mo kà á pé òkúta kan wà lójú ọ̀run tí wọ́n sọ ní Dali, orúkọ ayàwòrán ará Sípéènì. Kí ló wá dé tí a kò lè fi orúkọ Ọlọ́wẹ̀ tiwa, ọ̀gá agbẹ́gilére ayé àtijọ́, sọ ọ̀kan? Ẹnìkan lórí Facebook ní òun á bá wa ṣe é, òun á sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí, tí a bá lè dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà jọ. Ṣé ká dá a?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta orúkọ òkúta ojú ọ̀run. Ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ IAU, àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, ló ń fọwọ́ sí i, wọn kì í sì í gbowó.

Dali tí ẹ kà nípa rẹ̀ wà láàárín pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì àti Júpítà, níbi tí àìmọye irú rẹ̀ ti ń yí oòrùn po. Schelte Bus, ará Amẹ́ríkà, ló rí i ní oṣù kẹta 1981, ní Siding Spring ní Australia. Oṣù yẹn kan náà ló rí òmíràn tí wọ́n sọ ní Leonardo, ti Leonardo da Vinci. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ló kọ́kọ́ dé. 1981 EX18 ni wọ́n ń pe Dali tẹ́lẹ̀. E dúró fún ìdajì àkọ́kọ́ oṣù kẹta. X àti 18 jọ ń sọ pé òun ló wà ní ipò 473 nínú àwọn òkúta tí wọ́n kọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré! Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà 2919 dé, nítorí wọn kì í fún òkúta ní nọ́ńbà àfi tí wọ́n bá tún un rí léraléra, tí wọ́n sì mọ ọ̀nà tó ń tọ̀ dájú. Dali sì ń lò ju ọdún 5 lọ kó tó yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan.

Tí nọ́ńbà bá ti dé, ẹni tó rí i ní ọdún 10 láti dábàá orúkọ. Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 16 lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìpolówó ọjà. Olóṣèlú àti ológun gbọ́dọ̀ ti kú fún 100 ọdún. (Òfin yẹn dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá ti rí ògiri Adó lásìkò ìbò á mọ ìdí rẹ̀.) Òfin yẹn kò kan oníṣẹ́ ọnà.

Ọlọ́wẹ̀, tó kú ní 1938, yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Ìsẹ̀, ẹ kò lè dá a ní. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ààfin Ìkẹ́rẹ́ níbi tí mo ti dàgbà ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ńlá yẹn fún. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn Wembley ní London ní 1924. Nígbà tí àwọn ará British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fi pàrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn. London ni ti àkọ́kọ́ wà títí di òní. Tó bá jẹ́ tèmi, màá kọ́kọ́ béèrè ilẹ̀kùn yẹn ná kí n tó béèrè òkúta mẹ́wàá.

Àwa náà sì ti ní ẹni lókè ọ̀hún. Láti 2008 ni kòtò kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mẹ́kúrì ti ń jẹ́ Enwonwu, ti Ben Enwonwu, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Onitsha.

Ohun tí ẹ lè ṣe rèé. Ẹ wá tíṣà fíṣíìsì kan nílé ẹ̀kọ́ gírámà tó ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Kó forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ IASC, ètò kan tó ń fi àwòrán ojú ọ̀run ránṣẹ́ sáwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ á máa wá àmì kékeré tó ń ṣípò láti àwòrán kan sí èkejì. Tí wọ́n bá rí tuntun, tí ó sì gba nọ́ńbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àbá orúkọ. Wọ́n á kọ àlàyé kúkúrú mọ́ ọn. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín tún un ṣe, ẹ má sì yọ Ẹ̀fọ̀n kúrò níbẹ̀ o. Mo ní àna níbẹ̀.