Ẹ Bi Wá Léèrè: Nǹkan Oṣù

Ẹ̀yin àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 14 ni mí, ọdún kan ó lé ni mo ti ń ṣe nǹkan oṣù. Ìgbà kan ó dé lẹ́yìn ọjọ́ 26, ìgbà tó tẹ̀ lé e ó di ọjọ́ 41. Ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ 28 ló yẹ kó jẹ́ fún gbogbo obìnrin. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò gbọ́ ọ tán. Fún ọmọge tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 21 sí 45 kò burú rárá. Ní ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo oṣù ni ẹyin máa ń jáde. Ẹyin tó jáde ló ń jẹ́ kí ara mọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yóò dé. Bí kò bá jáde, awọ inú ilé ọmọ á kàn máa nípọn sí i, yóò wá ya bọ́ nígbà tó bá wù ú. Bí o bá ṣe ń dàgbà ni yóò máa sún mọ́ ọjọ́ 21 sí 35. Kódà nínú àwọn àgbà, ẹni tí tirẹ̀ ń jẹ́ ọjọ́ 28 géérégé lóṣooṣù kò pọ̀.

Àmọ́ wo bí o ṣe ń kà á. Ọ̀pọ̀ ló ń ka láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá, ìṣirò wọn á wá fi bí ọjọ́ márùn-ún dín. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tó gba páàdì kọ́kọ́ yọ ni ọjọ́ kìíní, ẹ̀kán kékeré kò sí lára rẹ̀. Bó bá yọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, tí òmíràn sì yọ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ọjọ́ 33 nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì kọ iye páàdì tó rin àti bí inú ṣe run ọ́ tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí o kò rí i, lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ti bá ọkùnrin lò pọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Kó kọ́kọ́ yẹ oyún wò.

Ọmọ ọdún 19 ni mí. Lọ́jọ́ kìíní, inú máa ń run mí débi pé mo máa ń bì, ìgbẹ́ á sì máa ṣí. Nígbà tí mi ò bá lè fara dà á mọ́ ni mo máa ń lo oògùn, kì í sì í ràn. Màmá mi ní kí n mú un mọ́ra, pé tí mo bá bímọ yóò lọ.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ màmá: ó máa ń rọ àwọn kan lọ́rùn lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọmọ bíbí ṣe oògùn inú rírun?

Awọ ilé ọmọ tó ń ya bọ́ ló ń tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ prostaglandin. Òun ló ń mú kí iṣan ilé ọmọ máa fún pọ̀ gidigidi, tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í rí ibẹ̀ dé dáadáa; ìrora rẹ nìyẹn. Ó tún ń dé inú ìfun, ìdí nìyẹn tí o fi ń bì tí ìgbẹ́ fi ń ṣí.

Àkókò tí o ń lo oògùn ni ìṣòro rẹ. Ibuprofen, ìyẹn oògùn ìrora kan, ń dá ara dúró kó má ṣe prostaglandin tuntun, kò lè kó èyí tó ti wà nílẹ̀. Tí o bá dúró títí o fi ń yí nílẹ̀, ó ti pẹ́. Lò ó gbàrà tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìrora bá bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé tí o ń kọ ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ sí bá sì fi hàn pé ọjọ́ rẹ kì í yẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Mìlígírámù 400, ìyẹn hóró méjì oní-200, lẹ́yìn oúnjẹ, ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Má kọjá 1,200 láàárín wákàtí 24 láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, ikọ́ sémìísémìí (asthma) tí irú oògùn yìí ń ru sókè, tàbí tó ṣeé ṣe kó lóyún, kó má lò ó. Paracetamol ni kó lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í lágbára tó ibuprofen fún ìrora yìí.

Fi omi gbígbóná sínú rọ́bà tí wọ́n ṣe fún un, má jẹ́ kó hó, fi aṣọ ìnura wé e, kí o gbé e sí abẹ́ ìdodo fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ó máa ń ran oògùn lọ́wọ́ gan-an.

Bí o bá ṣe gbogbo èyí fún oṣù mẹ́ta tí o ṣì ń pa iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ jẹ, kì í ṣe ohun àmúmọ́ra mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìrora bá ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, tàbí tí o bá ń jẹ̀rora nígbà tí o bá ń yàgbẹ́. Bi dókítà léèrè nípa endometriosis, níbi tí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ti ń hù sí ìta ilé ọmọ. Tí wọ́n bá ya àwòrán inú tí wọn kò rí nǹkan kan, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé kò sí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ jù?

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìgbà kan kì í sábà ju ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lọ, àmọ́ ta ni yóò máa wọ̀n ọ́n? Aago ni kí o wò. Bí páàdì bá ń rin gbìndìn láàárín wákàtí kan, tí èyí tẹ̀ lé e náà sì rin bẹ́ẹ̀, tí o ń jí lóru láti pààrọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá ju sẹ́ǹtímítà 2.5 lọ ní fífẹ̀, tàbí tó kọjá ọjọ́ méje, ó ti pọ̀. Bí òòyì bá tún ń kọ́ ọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí o dé ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, má jẹ́ kó mọ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán. Ní kí wọ́n wo ferritin, ìyẹn irin tí ara tọ́jú pamọ́, nítorí ó lè ti tán kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi hàn. Bó bá sì jẹ́ láti ìgbà àkọ́kọ́ ló ti pọ̀ bẹ́ẹ̀, tí imú tàbí èrìgì tún ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá, sọ fún wọn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ kì í tètè dì.

Kọ́ọ̀pù tí mo fi ń gba nǹkan oṣù há sí mi lára. Mo fa ìrù rẹ̀ títí, kò jáde. Ṣé kò ní wọ inú lọ?

Kò lè wọ ibì kankan; ẹnu ilé ọmọ kéré ju kó gbà á lọ. Afẹ́fẹ́ ló mú un, fífa ìrù rẹ̀ kò sì lè tú afẹ́fẹ́. Fọ ọwọ́, lóṣòó, kí o rin bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀. Fi ìka méjì di ìdí rẹ̀ mú, kì í ṣe ìrù, kí o fún un pọ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi tú, kí o wá rọra tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan jáde. Ẹni tí wọ́n fi ohun ìfètòsọ́mọbíbí sínú ilé ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, torí ó lè fà á jáde pẹ̀lú rẹ̀. Má fi sínú ju wákàtí 12 lọ. Kí o tó lò ó lóṣù tó ń bọ̀, sè é fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú omi tó pọ̀, kó má fara kan ìdí ìkòkò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè jó.

Àbúrò mi obìnrin ti pé ọdún 15, kò tíì rí nǹkan oṣù rí.

Ẹ mú un lọ rí dókítà, ẹ má dúró kó pé 16. Ẹni tí ọmú rẹ̀ kò tíì yọ ní ọdún 13, kó tilẹ̀ ti lọ ṣáájú.

Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù fi ń dà bí ilẹ̀ dúdú lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dá?

Ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ kó tó jáde ni. Kò léwu. Èyí tó ń rùn bí ẹja, tàbí tí ojú ara ń yún pẹ̀lú rẹ̀, ni kí o lọ fi han nọ́ọ̀sì.