Tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ SS3? Ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó gbowó lọ́wọ́ òbí

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Mo ka ìbéèrè yín: àwọn òbí ní Ọ̀mùò fẹ́ dáwó jọ kí ẹ bá wọn ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ SS3 kọ̀ọ̀kan nítorí JAMB, ẹ wá ń béèrè irú èyí tí ẹ ó rà. Ilé lẹ́sìn ni mo ní nílùú Ìkọ̀lé, físíìsì àti ìṣirò ni mò ń kọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ní tèmi, ẹ má ra tábúlẹ́ẹ̀tì kankan. Kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ rà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME, èyí tí JAMB ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, ti kúrò lórí ìwé pátápátá, tó di ti kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ni: 60 fún Use of English, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta tó kù, wákàtí méjì sì ni gbogbo ẹ̀. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tó ń fi máòsì lé àmì kiri ojú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni àkókò rẹ̀ ń bá lọ. JAMB fúnra wọn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí kọ̀ǹpútà lò nílé, wọ́n sì ti ṣe é tí èèyàn lè fi lẹ́tà mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò náà láìfọwọ́ kan máòsì rárá. A, B, C, D ni ìdáhùn. N ń gbé ọ lọ sí ìbéèrè tó kàn, P ń dá ọ padà sí èyí tó ṣáájú, S ni o fi ń parí, R sì ń gbà ọ́ sílẹ̀ bí o bá ṣèèṣì tẹ S. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n ń gbowó lẹ́sìn JAMB lọ́dọọdún kò mẹ́nu kan èyí fáwọn ọmọ rí.

Ọmọ kan wá sọ́dọ̀ mi láti ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti pín tábúlẹ́ẹ̀tì. Orí ẹ̀ pé, físíìsì kò sì ṣòro fún un. Mo gbé e síwájú kọ̀ǹpútà, ló bá na ìka sí ojú mọ́nítọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́wọ́ ló ń ṣe.

Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyí. Mo ra kíbọ́ọ̀dù àlòkù. Èyí tó ti kú pàápàá wúlò, torí pé kò nílò iná. Ọmọ kan á di ìwé ìbéèrè mú, á máa kà á. Èkejì á gbé ọwọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù, á tẹ lẹ́tà ìdáhùn, á pè é jáde, á tẹ N, ó tún di òmíràn. Kò gbọdọ̀ wo ọwọ́ ẹ̀. Bó bá ṣe díẹ̀, lẹ́tà mẹ́jọ yẹn á mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọmọ odó ṣe mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò sídìí kọ̀ǹpútà díẹ̀ tó wà, nígbà tí iná bá wà. Ẹ gba kalikulétọ̀ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. JAMB ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ mú u wọlé, ti ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa lò.

Iná ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Ọ̀mùò, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ̀rọ̀ iná fún mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ kí ọmọ lè wo fídíò? Owó dátà náà kò dúró sójú kan. Oṣù kìíní 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, láti ìgbà náà ni ìjápọ̀ YouTube tí mo bá fi sórí WhatsApp ti ń wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ṣí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń gbọ́ ohùn tí mo bá gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Màá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ibi tó ṣòro fún wọn, lédè Yorùbá, nígbà mìíràn lédè Èkìtì gan-an, wọ́n á máa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà oko. Àwọn òbí kan ní èdè abínibí á ba gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ẹ rántí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́ nnì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ láti 1970, gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì bàjẹ́.

Ẹ̀rọ AI tí ń fúnni lésì, bíi ChatGPT, tí gbogbo wọn ti ń lò báyìí: mi ò lòdì sí i, mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tèmi náà. Àmọ́ ẹ kà á kí ẹ tó lò ó. Mo ní kó kọ àpẹẹrẹ lórí ooru, ó gbé yìnyín inú ìgbà òtútù fáwọn ọmọ Ìkọ̀lé. Mo ní kó fi Ìkógòsí ní Èkìtì níbí ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ìyẹn yé wọn.

Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù, ẹ ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tí bátìrì ẹ̀ dára, kí ẹ fi Kolibri sí i, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó ẹ̀kọ́ pamọ́ fáwọn ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò gba ẹ̀kọ́ Khan Academy, àwọn fídíò àti ìbéèrè ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, fóònù àwọn ọmọ lè fi Wi-Fi so mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé ó ń fi hàn mí, ní orúkọ-orúkọ, ọmọ tó kùnà àti ibi tó ti kùnà. Ìṣirò àti físíìsì nìkan ni kí ẹ mú, torí gbogbo rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ má sì fi dátà yín gbà á. Ó ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kọjá lọ sí Adó, ẹ yà ní Ìkọ̀lé, kí ẹ mú fláàṣì ńlá dání, ẹ má mú kékeré wá o.