Bàbá mi ní bí òun bá tẹ̀pá, wọ́n á fo òun lórí ìlà oyè

LẸ́TÀ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 78. Àwọn ni Mọ́gàjí agboolé wa níbí n'Íbàdàn, wọ́n sì ń retí oyè Jagun. Orúnkún ọ̀tún ló ń dà wọ́n láàmú. Láàárín oṣù mẹ́ta wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì nínú balùwẹ̀. Mo ra ọ̀pá ìtilẹ̀ fún wọn, wọ́n jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ọjọ́ tí ayé bá rí ọ̀pá lọ́wọ́ àwọn ni wọ́n á ní Mọ́gàjí ti tán, wọ́n á sì fo àwọn lórí ìlà. Ògiri kọ́rídọ̀ wa ti dúdú níbi tí wọ́n ń fọwọ́ lé. Oṣù tó ń bọ̀ a ní òde ńlá ní gbọ̀ngàn Mápó. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n gbé ọ̀pá náà lé wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, pé wọn ò ní lè kọ̀ ọ́ lójú ayé. Àbúrò mi yìí náà ló máa ń fi fídíò àwọn olóṣèlú tó bá ṣubú hàn wá ní pálọ̀. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá. Ṣé kí n ṣe ohun tó wí? — Ọmọ Mọ́gàjí

ÌDÁHÙN: Ọmọ Mọ́gàjí, ẹ má dán an wò. Bí Bàbá bá tiẹ̀ gba ọ̀pá náà nítorí ojú ayé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn náà ni yóò padà sí tí ẹ bá délé, ìbínú á sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò sì fi ọ̀pá rìn rí nínú ilé rẹ̀, tó wá lọ ń kọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn Mápó láàárín èrò, ìṣubú ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń wá kiri.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ fídíò yẹn sí ìparí lẹ́tà yín bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá yín jókòó sínú pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ nípa àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. "Ó ti tán." "Kó lọ sinmi jàre." Ta lẹ rò pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà wọ̀n? Ẹ ò tíì ra ọ̀pá tí ẹ ti sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún wọn.

Ní June 12, 2024, Ààrẹ Tinubu fẹ́ gun ọkọ̀ ayẹyẹ ní Eagle Square l'Ábújá, ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, wọ́n ṣubú. Kò pẹ́ tí fídíò náà fi gba orí fóònù gbogbo. Wọ́n dìde, wọ́n gun ọkọ̀ náà, wọ́n parí ohun tí wọ́n wá ṣe. Nígbà tó dalẹ́, àwọn fúnra wọn fi ṣàwàdà pé ọmọ Yorùbá làwọn, pé dọ̀bálẹ̀ làwọn dọ̀bálẹ̀. Ẹ lè fẹ́ràn ìjọba wọn, ẹ lè má fẹ́ràn rẹ̀. Owó epo àti owó oúnjẹ wà ńlẹ̀ tí ẹ lè fi bi wọ́n léèrè. Bí ará ìlú bá fẹ́ mọ̀ bóyá olórí kan ṣì lè ṣiṣẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni: kó wo ìpinnu tó ń ṣe, kó wo bó ṣe ń dáhùn ìbéèrè, kó tiẹ̀ ní kí dókítà sọ̀rọ̀. Orúnkún kọ́ là ń fi ronú.

Ààrẹ kan jẹ l'Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní 1921, kò sì lè dá rìn mọ́. Síbẹ̀ ó di ààrẹ ní 1933, orí ipò náà ló kú sí ní 1945, òun ló sì darí Amẹ́ríkà nínú ogun àgbáyé kejì. Nínú ilé, àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń lò. Níta, wọ́n á fi irin de ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á di apá ẹlòmíràn mú, á máa ṣe bí ẹni ń rìn. Ní March 1945 ló tó jókòó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin, ó ní kí wọ́n forí ji òun, irin tó wúwo tó pọ́n-ùn mẹ́wàá ló wà lẹ́sẹ̀ òun. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú. Ẹ wo wàhálà tí èèyàn fi bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún gbogbo ọdún yẹn. (Mo kọ "àga oníkẹ̀kẹ́" o. "Kẹ̀kẹ́ arọ" tí a máa ń pè é, orúkọ yẹn nìkan tó láti lé àgbà sá kúrò lórí ẹ̀. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ létí Bàbá.)

Ní ti ìlà oyè Ìbàdàn, tí èèyàn ń gùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ipò Olúbàdàn, ìlú wo ló tún kù tó jẹ́ pé pípẹ́ láyé gan-an ni àkàbà? Olúbàdàn Ọba Olakulehin ti pé ẹni ọdún 89 nígbà tí wọ́n gbadé ní July 12, 2024. Kó tó dọjọ́ náà, àwọn kan ti ń fi ọ̀rọ̀ ìlera wọn jẹun lẹ́nu. Ìlà ò torí ẹ̀ yà. Ọba Ladoja tó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn wọn ní September 2025, ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Ohun tó lè gbé Mọ́gàjí kúrò lójú ayé fún oṣù gbọọrọ ni kí egungun ìbàdí ṣẹ́ nínú balùwẹ̀. Òun ni kí ẹ bẹ̀rù.

Kí ẹ tó dárúkọ ọ̀pá rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ Bàbá wò. Ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, orúnkún nìkan lè má ni ẹ̀bi náà. UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, ní ibi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, Tony Anenih Geriatric Centre, láti 2012. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, àgbo náà, ẹ kó o sínú ọ̀rá kan. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lórí ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n tí wọ́n bá dìde dúró, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn máa ń jẹ́ kí òòyì kọ́ èèyàn tó bá dìde lójijì. Kí wọ́n wo ojú. Bí ìtọ̀ ṣúgà bá wà, kí wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ bóyá ó ṣì ń mọ nǹkan lára. Ọ̀pá ò wo òòyì sàn.

Ògiri dúdú yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, lọ́jọ́ tó bá ku ẹ̀yin àtàwọn nìkan. Bàbá ti ń lo ohun ìtìlẹ́yìn tipẹ́, ògiri ni wọ́n ń lò. Ibi tí ògiri bá sì ti tán, láàárín pálọ̀ tàbí lójú ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń gbé wọn. Ẹ bi wọ́n pé: "Bàbá, èwo lẹ fẹ́ kó máa bá yín lọ, ògiri àbí èyí tí ẹ lè gbé dání?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má retí ìdáhùn lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀pá tí ẹ rà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò bá wọn mu, nítorí ẹ ò wọn Bàbá kí ẹ tó rà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀, kí wọ́n nàró, kí apá wọn já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà ọrùn ọwọ́ ni orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé. Tí wọ́n bá dì í mú, ìgúnpá á tẹ̀ díẹ̀, kò ní nà gbọnran. Bó bá ga jù, èjìká á máa sún mọ́ etí, ọrùn á máa dùn wọ́n. Bó bá kúrú, wọ́n á máa tẹ̀ síwájú bí ẹni ń wá owó nílẹ̀. Èyí tó jẹ́ irin fífúyẹ́, bọ́tìnnì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a fi ń mú un gùn tàbí kúrú. Tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ yí òrùka tó wà níbẹ̀ kó le, kó má baà máa dún káká lójú èrò. Ìró yẹn nìkan lè mú Bàbá jù ú nù.

Ọ̀tún ni orúnkún ti ń dùn wọ́n, nítorí náà ọwọ́ òsì ni ọ̀pá máa wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi èyí ṣe. Nígbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn nìkan ló ń gbé gbogbo ara, ara sì máa ń fẹ́ ṣubú sí apá òsì tó ṣófo. Ibẹ̀ ni ọ̀pá ní láti wà. Bó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, orí orúnkún tó ń dùn náà ni wọ́n á tún máa tẹ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀pá ní òsì ni kí ẹsẹ̀ ọ̀tún máa bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹsẹ̀ òsì wá tẹ̀lé e. Ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ nínú ọgbà ilé, kí oòrùn tó mú, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tó. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga, apá àga ni kí wọ́n fọwọ́ tì, kì í ṣe ọ̀pá.

Fún òde, ẹ fi ọ̀pá irin yẹn sílẹ̀ nílé. Mọ́gàjí ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gbẹ́ ọ̀pá gidi fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, torí ọ̀pá oyè tó ń tàn tí wọ́n ń tà kiri, ọwọ́ dídì mú ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é kí èèyàn fara tì í. Orí rẹ̀ rí roboto, ó ń yọ̀ nínú ọwọ́. Ẹ ní kí orí rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pá bí orí òòlù, kí àtẹ́lẹwọ́ lè sinmi lé e. Bí ẹ bá fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lára rẹ̀, ìsàlẹ̀ ibi tí ọwọ́ ń dì mú ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òógùn á mú ìlẹ̀kẹ̀ yọ̀. Kí káfíńtà tó gé e, kó dojú orí ọ̀pá náà délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, kó sàmì síbi tó bá ìlà ọrùn ọwọ́ wọn dọ́gba, kó sì yọ ìwọ̀n rọ́bà ìdí rẹ̀ kúrò kó tó gbé ayùn sí i. Rọ́bà yẹn ni ẹ̀mí ọ̀pá. Ẹ mú ọ̀pá náà dání lọ rà á, torí ó ní ìwọ̀n: bó bá tóbi jù, á bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹ ra méjì sílẹ̀. Ọjọ́ tí ìlà abẹ́ rẹ̀ bá ti parẹ́, ẹ jù ú nù, torí bí èyí tó ti dán bá kan táìlì tó lómi, yóò yọ̀ bí ọṣẹ.

Balùwẹ̀ ò ní dúró de ìgbà tí Bàbá bá gbà. Ẹ pe wẹ́dà lónìí. Irin ìdìmú méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, kó fi bóòtù dè é wọnú ògiri dáadáa. Irin tí ẹ ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ kì í ṣe irin ìdìmú, ọjọ́ tí àgbàlagbà bá fà á ló ń já pẹ̀lú pílásítà. Ẹ kó rọ́ọ̀gì kékeré tó ń ká lẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹ gbé iná oníbátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú iná lọ lóru. Sálúbàtà tí kò ní okùn lẹ́yìn, ẹ fi tọrẹ.

Tí ọjọ́ Mápó bá dé, ẹ tètè lọ. Aṣọ náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Apá agbádá tó já sílẹ̀ ní òsì máa ń kọ́ orí ọ̀pá, etí rẹ̀ nísàlẹ̀ á sì máa bọ́ sábẹ́ rọ́bà. Gbárìyẹ̀ ló dáa jù. Bí wọ́n bá ní agbádá ni dandan, kí télọ̀ gé e kó má kọjá agbede ojúgun, kí ẹ sì fi píìnì mú apá òsì náà lé èjìká. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ òsì tó le ló máa ṣáájú gòkè, kí ọ̀tún àti ọ̀pá tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣáájú. Àbúrò yín, ẹ fún un níṣẹ́ ṣe: kó wà ní àtẹ̀gùn kan nísàlẹ̀ Bàbá nígbà gbogbo, lẹ́yìn wọn tí wọ́n bá ń gòkè, níwájú wọn tí wọ́n bá ń sọ̀. Kó má gbá wọn lápá mú. Kó na apá tirẹ̀, kí àwọn dì í mú fúnra wọn. Bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn káàkiri pẹ̀lú Mọ́gàjí wọn náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àga alápá ni kí ẹ wá fún wọn, kì í ṣe ike pẹlẹbẹ tí kò lápá yẹn, kó sì wà létí ọ̀nà. Tí wọ́n bá ti jókòó, ọ̀pá á wà láàárín orúnkún wọn méjèèjì. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má gbé e lọ fi ṣeré, torí bí Bàbá bá fẹ́ dìde kí ọba tí wọ́n ò rí i, wọ́n á dìde láìsí i.