Èsì: Bàbá tó fẹ̀yìn tì nídìí rélùwéè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bàbá ìyàwó yín ní Amẹ́ríkà fi ọdún 32 wa ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù, ó ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ kì í sùn lóru. Ẹ tún bi wá bóyá Màmá, ìyàwó wọn, máa rí nǹkan gbà nínú owó ìfẹ̀yìntì.

Ti oorun yẹn kò yà mí lẹ́nu. Iṣẹ́ akẹ́rù kì í sábà ní àkókò pàtó. Bí fóònù bá dún laago méjì òru, ó di kí wọ́n gbé báàgì tó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án, ìyàwó á máa pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́ kí Bàbá lè sùn. Ara kì í tètè gbàgbé irú ìyẹn. (Ẹ yọ fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn ná.)

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, Railroad Retirement Board, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ló ń san án. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ pé ọdún 30 lè máa gba owó náà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ láti ẹni 60 ọdún, ìyàwó rẹ̀ náà lè gba tiẹ̀ tó bá ti pé 60. Àmọ́ bí Màmá bá ń gba Social Security (owó ìfẹ̀yìntì gbogbogbòò tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san) tara wọn, àjọ náà á yọ iye yẹn kúrò nínú owó ìyàwó tó ń san fún wọn. Kí Màmá tó béèrè fún owó ìyàwó yìí, ìwé ìgbéyàwó wọn dà?